Bébà Ìnùdí Alága

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Fọ́-ọ-wò fi fọ́ kọ́ńkéré jẹun. Ẹ má rò pé ó ń wó ilé onílé kiri. Iṣẹ́ ìjọba ni, ó ní yàrá, ó ní tábìlì, ó sì ní aṣọ àwọ̀lékè kan tí símẹ́ǹtì ti sọ di pákó. Bí àwọn kọ́lékọ́lé bá fẹ́ ṣe afárá tàbí ilé alájà mẹ́rin, wọn a bu díẹ̀ nínú kọ́ńkéré tí wọ́n pò, wọn a rọ ọ́ sínú àpótí irin kékeré, bó bá ti gan, wọn a gbé e wá bá a. Òun a tì í sábẹ́ ẹ̀rọ ńlá kan, a máa tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fọ́, a sì kọ iye agbára tó fọ́ ọ sínú ìwé. Kò fẹ́ràn àwọn kọ́lékọ́lé. Ó ní àmì tíńtín abẹ́ lẹ́tà méjì péré ló yà wọ́n sọ́tọ̀ lára kólékólé, àti pé òjò lè fọ àmì náà dànù nígbàkígbà. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá búra fún un pé kọ́ńkéré òun le bí àpáta, èsì kan náà ló máa ń fún un: "Fọ́ ọ wò." Bí orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ṣe wọmi nìyẹn.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò rí nǹkan fọ́ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ ti ṣaláìsí láti ọdún mẹ́ta. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, tó jẹ́ tíṣà kíláàsì kejì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló ń bá a gbé. Ni Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í dán ilé wò. Ó so korobá omi kọ́ ọwọ́ ìlẹ̀kùn kó lè mọ ìgbà tí yóò já. Ó ka iye ìgbà tí ìgbálẹ̀ lè gbá pálọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pá lórí. Ọmọ rẹ̀ ń wò ó, ó ń mí kanlẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, tíṣà yìí gun àga àwọn ọmọdé kó lè fi àwòrán àgùnfọn kọ́ ara ògiri kíláàsì. Ẹsẹ̀ àga yẹ̀, kókósẹ̀ tíṣà sì ṣẹ́. Nígbà tí Bàbá dé ilé ìwòsàn, kò tilẹ̀ kí i kú ewu.

"Ṣé ẹnikẹ́ni dán àga yẹn wò kó o tó gùn ún?"

"Bàbá mi, ẹsẹ̀ ń ro mí."

"Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn."

Àmọ́ ọ̀ràn tó wà nílẹ̀ ju ti ẹsẹ̀ lọ. Ọ̀gá ilé-ìwé ti sọ pé bí òun ò bá rí ẹni fi rọ́pò, òun máa kó àwọn ọmọ kíláàsì kejì pọ̀ mọ́ ti ìkẹta, ọmọ mọ́kànlélọ́gọ́rin nínú yàrá kan ṣoṣo. Tíṣà di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni, ó ní. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ló kàn: bí ọmọdé ṣe lè ṣe àyẹ̀wò tí kò ní ojúsàájú nínú. Ta ló tún mọ̀ ọ́n ju Bàbá lọ?

"N kò mọ ọmọ tọ́," ni Bàbá wí.

"Ẹ tọ́ mi."

"Màmá ẹ ló tọ́ ẹ."

"Mo mọ̀," ni ọmọ náà dáhùn. "Mo kàn ń pọ́n yín lé ni."

Bó ṣe gbà láti lọ nìyẹn.

Ọmọ méjìdínlógójì ló bá nínú kíláàsì, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kó tó di ìsinmi ọ̀sán, ó ti mọ mẹ́ta nínú wọn dáadáa, torí àwọn mẹ́ta náà ni kò jẹ́ kó gbádùn. Ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Agbẹjọ́rò. Ọmọ ọdún méje ni, ṣùgbọ́n bó o bá ní kó jókòó, yóò bi ọ́ nídìí. Ọmọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Akáhín, torí pé eyín mẹ́rin iwájú rẹ̀ ti bá ọ̀nà tiwọn lọ, tí àwọn tuntun kò sì tíì rántí ilé. Ẹ̀kẹta ni Jẹ́jẹ́, ọmọbìnrin tó ń sọ̀rọ̀ bíi pé aláìsàn kan ń sùn ní yàrá kejì. Ohun tó bá sọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ́ òótọ́ nígbà gbogbo, èyí tó ń bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú.

Bàbá kó gbogbo wọn jáde sí pápá. Ó ní kí Akáhín àti Agbẹjọ́rò sá eré ìje. Ó gbé àpò ìwé ọmọ mẹ́rin kọ́ Akáhín lọ́rùn, ó sì ní kí Agbẹjọ́rò bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì ọ̀nà. Agbẹjọ́rò ló gba ipò kìíní. Bàbá na ọwọ́ rẹ̀ sókè bí ẹni tó borí ìjà.

"Ẹ̀rí ti dé," ó ní. "Obìnrin yára ju ọkùnrin lọ."

Ariwo tó sọ lọ́jọ́ náà mú kí àwọn tó ń kọjá lójú títì dúró. Àwọn ọmọkùnrin kan fi ara yílẹ̀. Agbẹjọ́rò tó jẹ́ pé òun ló jẹ èrè ẹ̀ pàápàá kò gbà. Ó ní bí òun bá máa borí Akáhín, òun fẹ́ borí ẹ̀ débi tí kò ní rí ọ̀rọ̀ sọ.

"Kí ló burú níbẹ̀?" ni Bàbá bi wọ́n.

"Àpò wà lọ́rùn ẹ̀."

"Iwájú ni Agbẹjọ́rò ti bẹ̀rẹ̀."

"Bàbá, bàtà wọn náà ò dọ́gba," ni Jẹ́jẹ́ wí. Ti bàtà yìí, Bàbá fúnra rẹ̀ kò rí i.

Ó wá yé e pé ẹ̀kọ́ ti yọrí ní ìdajì. Ọmọ ọdún méje mọ ìrẹ́jẹ ju adájọ́ lọ. Ohun tí kò tíì mọ̀ ni pé òun náà lè rẹ́ ẹlòmíràn jẹ. "Ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀ nípa ẹ̀ ni kẹ́ ẹ yí padà," ó ní fún wọn. "Gbogbo ohun tó kù, ẹ jẹ́ kó dọ́gba. Ohun tí wọ́n ń pè ní sáyẹ́ǹsì nìyẹn. Èyí tó kù, orúkọ gígùn ni."

Ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ bébà wọlé. Akáhín tọrọ àyè láti lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó ń rìn bí ẹni tó ru ẹyin, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jìnnà sí ara rẹ̀ bíi pé ti ẹlòmíràn ni.

"Bàbá," ó ní, "bébà yẹn lu."

Kíláàsì dà rú. Àwọn kan ń fi orí gbá tábìlì fún ẹ̀rín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ọmọ náà lọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tó sì dé, ó pè é síwájú bí ẹlẹ́rìí ní kóòtù.

"Bébà ta ni?"

"Ti ilé-ìwé, Bàbá."

"Ti ilé yín ńkọ́, ṣé ó máa ń lu?"

"Kì í lu."

"Báwo lo ṣe wá mọ̀ pé bébà ló rọ̀ jù, pé kì í ṣe ìwọ lo tẹ̀ ẹ́ jù?"

Akáhín ronú. Gbogbo kíláàsì bá a ronú, ẹ̀rín sì tán lẹ́nu wọn. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wà láyé tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi ní ìbéèrè tó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

"Mi ò mọ̀," ló wí nígbẹ̀yìn.

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká fọ́ ọ wò."

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, kíláàsì kejì ti di ṣọ́ọ̀bù bébà ìnùdí. Ẹni tó gbé odidi wá wà, ẹni tó gbé àjẹkù wá wà, ọmọ kan tilẹ̀ yọ ti ilé wọn kúrò lára irin tó wà, bàbá rẹ̀ sì wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́wọ́ nígbà náà. Nígbà tí wọ́n tò ó, oríṣi mẹ́ta ni wọ́n rí. Wọ́n fi ti ilé-ìwé ṣe ìkẹrin.

Bébà ilé-ìwé kì í ṣe rírà. Alága ló ń fi í tọrẹ, ìyẹn ọkùnrin tó ni ilé-iṣẹ́ bébà tó wà ní ìkángun ìlú, tó tún jẹ́ alága ẹgbẹ́ àwọn òbí. Alága tẹ àwòrán ojú ara rẹ̀ sára ọ̀rá tí wọ́n fi ń wé bébà náà. Ó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ó na àtàǹpàkò sókè. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí Bàbá bá rí i, ó máa ń ronú nípa ọ̀pọ̀ ibi tó dára láyé tí èèyàn lè gbé ojú rẹ̀ sí.

Fún òṣùwọ̀n, Bàbá gbé àpótí bọ́tìnnì ìyàwó rẹ̀ wá. Láti ọjọ́ tí ìyẹn ti lọ, kò tíì ṣí i. Ogún bọ́tìnnì dúdú ńláńlá ló ṣà nínú ẹ̀, èyí tí wọ́n ń lò fún aṣọ òtútù, gbogbo wọn ẹlẹ́gbẹ́ ara wọn. Bó ṣe ń wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbọ́ ohùn obìnrin náà, tó ń bi í pé ṣé iṣẹ́ tó rí fún bọ́tìnnì oníbàárà òun nìyí, kó máa fi í wọn bébà ìnùdí. Ó pa ìdérí àpótí dé kíá, ó ní kó má bínú.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á na ewé bébà kan bo ẹnu ife, wọ́n á fi rọ́bà dè é. Jẹ́jẹ́ á fi ike tí wọ́n fi ń kán oògùn sí ọmọ lẹ́nu kán omi ẹ̀ẹ̀mẹwàá sí àárín rẹ̀. Gbogbo kíláàsì á ka oókan títí dé ogún. Lẹ́yìn náà, wọ́n á máa gbé bọ́tìnnì lé e, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí bébà á fi ya.

Ìgbà àkọ́kọ́ bàjẹ́ pátápátá. Kálukú ló ń gbè lẹ́yìn bébà ilé rẹ̀. Agbẹjọ́rò ń gbé bọ́tìnnì lé tiwọn bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tuntun sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń jù ú lé ti ẹlòmíràn bí ẹni ń sọ òkò lu mángòrò. Bó bá kan ti ọ̀tá, wọ́n á ka oókan dé ogún bí ẹni ń kọ orin. Bó bá kan tiwọn, wọ́n á kà á bí ẹni tí ajá ń lé. Ọmọ kan di ojú, ó ń gbàdúrà.

"Ẹ dúró," ni Bàbá wí. "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn àgbàlagbà ṣe ń ṣe é."

Ó kó bébà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sílé. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ tó gbé ẹsẹ̀ sórí ìrọ̀rí bọ́ gbogbo ọ̀rá ara wọn dànù, kó kọ A, B, D, E sí ìdí wọn bó bá ṣe wù ú, kó wá kọ orúkọ èyí tí í ṣe èwo sínú ìwé, kó fi gọ́ọ̀mù lẹ àpò ìwé náà pa. Òun fúnra rẹ̀ jáde lọ sí yàrá kejì.

"Ẹ̀yin náà ò ní wò ó?" ni ọmọ rẹ̀ ké sí i láti inú yàrá.

"Èmi náà lójú," ni Bàbá dáhùn. "Ojú mi sì ní ẹni tí kò fẹ́ràn."

Láti ìgbà náà, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í tò. Ẹni tí kò bá mọ bébà tirẹ̀ kò rí ẹni gbè lẹ́yìn. Wọ́n dán ìkọ̀ọ̀kan wò lẹ́ẹ̀mẹta, Akáhín sì ń kọ ọ́ sórí páálí ńlá tó wà lára ògiri. Bébà A gba bọ́tìnnì mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́rìnlá. B gba mẹ́sàn-án, mọ́kànlá, mẹ́wàá. E gba méjìlá lẹ́ẹ̀mejì àti mẹ́tàlá lẹ́ẹ̀kan. D gba mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kejì, ó gba méjì. Lẹ́ẹ̀kẹta, omi tí Jẹ́jẹ́ kán sí i fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lu kí bọ́tìnnì tó dé, ó ṣáà gbìyànjú, ó gba mẹ́ta.

Nígbà tí Bàbá wo páálí, ó rí i pé Akáhín kọ mẹ́wàá sí ibi tó yẹ kí méjì wà.

"Ta ló gba mẹ́wàá?"

Akáhín wo ilẹ̀. "Ó ṣe mí láàánú ni, Bàbá. Gbogbo wọn ló ń nà án."

 Kò sí kọ́lékọ́lé kan tó fún Bàbá ní àwáwí tó wọ̀ ọ́ lára bẹ́ẹ̀ rí. "Àánú ò sí nínú ìwé," ó ní. "Kọ òótọ́ tán ná. Lẹ́yìn náà, o lè ṣàánú ẹ̀ dé ibi tó bá wù ẹ́."

Agbẹjọ́rò náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ó ní nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sí ọmọlúàbí tó ń lo ewé kan ṣoṣo. Èèyàn máa ń ká a. Bàbá ní ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ni wọ́n bá tún gbogbo ẹ̀ ṣe ní kíká méjì, àtèyí tó le àtèyí tó rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n ṣègbè. D gba mẹ́fà. Síbẹ̀, òun ló wà nísàlẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀gá ilé-ìwé gbọ́. Obìnrin ńlá kan ni, ó máa ń rìn bíi pé ilẹ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́. Ó pe Bàbá sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì.

"Bàbá, ọ̀la ni àwọn òbí ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ àwọn ọmọ. Alága àti ìyàwó ẹ̀ ń bọ̀. Mo gbọ́ pé ẹ̀ ń ṣe nǹkan kan pẹ̀lú... pẹ̀lú bébà."

"Bébà ìnùdí ni, ọ̀gá. Ẹ pè é lórúkọ ẹ̀."

"Èwo ni ti Alága níbẹ̀?"

"N kò mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀."

"Mo ṣe wàhálà púpọ̀ kí n má baà mọ̀."

Ọ̀gá wo páálí ara ògiri, ojú rẹ̀ sì gúnlẹ̀ sórí D. Òun kò nílò àpò ìwé kankan. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé-ìwé lòun náà ń lò láti ọdún mẹ́sàn-án. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, ẹ bá mi kọ mẹ́tàlá síbẹ̀. Mẹ́tàlá péré, kí gbogbo wọn lè sún mọ́ra. Alága ló ní òun máa bá wa tún òrùlé ṣe."

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì létí Bàbá. Ní ọdún kẹrìnlá tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ ìgbà náà dúró bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀, ó ní kó gbé nọ́ńbà kan sókè díẹ̀, ó sì gbé e sókè. Wọ́n fi kọ́ńkéré náà kọ́ ilé alájà mẹ́ta. Láti ìgbà náà, bí Bàbá bá dé àdúgbò yẹn, yóò sọdá sí òdìkejì títì. Ilé náà kò wó. Ó ti ń lọ sí ogún ọdún báyìí, àwọn èèyàn ń gbé inú ẹ̀, wọ́n ń sá aṣọ sójú fèrèsé, ògiri kò tilẹ̀ sán. Ìyẹn gan-an ló ń dùn ún jù. Bó bá wó ni, ì bá ti jẹ́wọ́, kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́, kó tán síbẹ̀. Àmọ́ báwo ni èèyàn ṣe ń jẹ́wọ́ ilé tó dúró?

"Èmi kọ́ ni mo ni nọ́ńbà yẹn, ọ̀gá," ó ní. "Àwọn ọmọ ló ni ín. Ẹ wọlé, kẹ́ ẹ fúnra yín bá wọn sọ ọ́."

Ọ̀gá wọlé. Ọmọ méjìdínlógójì dìde, wọ́n kí i bí wọ́n ṣe ń kí i, pẹ̀lú ohùn tó ń fà bí rọ́bà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ yín dára gan-an. D yìí nìkan... ṣé kì í ṣe pé ẹ ṣì í kà?"

"Èló lẹ̀yin kà, mà?" ni Agbẹjọ́rò bi í.

"Èmi ò kà á."

 Agbẹjọ́rò kàn dúró, kí ẹlẹ́rìí lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Akáhín ló ṣàánú ọ̀gá. "Ó máa ń ṣeni láàánú lóòótọ́, mà," ó ní. "Àmọ́ àánú ò sí nínú ìwé."

Ọ̀gá jáde. Kò bá Bàbá jà. Ọgbọ́n tirẹ̀ ju ìjà lọ. Ó pàṣẹ pé tábìlì kíláàsì kejì kò ní sí nínú gbọ̀ngàn pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Abẹ́ àtẹ̀gùn ló ní kí wọ́n gbé e sí, ní ìkángun ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ èrò kì í dé. Ohun tí kò rò ni pé ibẹ̀ kò jìnnà sí ẹnu ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Alága dé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, ó sanra, ojú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ara ọ̀rá. Wọ́n mú un yípo gbọ̀ngàn, wọ́n ń fi ìgbín tí wọ́n fi amọ̀ mọ hàn án, wọ́n ń fi òṣùpá tí wọ́n fi owú ṣe hàn án, níbi kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ti ń fún un ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò mu. Nígbà tó di ìgò kẹrin, Alága rọra bi ẹnì kan léèrè ọ̀nà, ó sì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ pẹ̀lú ìgbésẹ̀ kúkúrú. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e, torí òun náà mu mẹ́ta.

Tábìlì ni wọ́n bá lọ́nà. Bàbá dúró lẹ́yìn ẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, àpò ìwé tí wọ́n lẹ̀ pa sì wà láàárín àwọn ife.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni Agbẹjọ́rò wí. "Ẹ̀yin ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ya àpò ìwé yìí, ká lè mọ ẹni tó borí."

Ta ló lè kọ̀ fún ọmọdé? Alága ya àpò ìwé náà, ó mú ìwé inú rẹ̀, ó sì kà á sókè pẹ̀lú ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Nígbà tó kà dé D, ohùn náà lọ sílẹ̀ bí iná àtùpà tí epo tán nínú rẹ̀. Ó wo páálí ara ògiri. Ó wo bébà. Bàbá wo òkè àjà.

"Kí ni wọ́n ń dán wò gan-an?" ni Alága bi wọ́n.

"Èyí tí ìka ò ní lu, sà," ni Akáhín ṣàlàyé, ó sì na ìka náà sókè kí ó lè yé e.

Lásìkò yìí, ọ̀gá ilé-ìwé ti ń sáré bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Alága ní irọ́ ni. Ó ní bí wọ́n ṣe ṣe é ni kò dáa. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ní òun máa ṣe é fúnra òun, níṣojú gbogbo èèyàn.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Bàbá wí, ó sì fún un ní ife. Ó ti pẹ́ tí inú rẹ̀ ti dùn tó bẹ́ẹ̀.

Alága na bébà D bo ẹnu ife. Ó kán omi sí i.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ nìyẹn, sà," ni Jẹ́jẹ́ sọ, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sí ara rẹ̀. "Ó ku ẹ̀ẹ̀mejì."

Ó kán ẹ̀ẹ̀mejì tó kù. Ó mú bọ́tìnnì.

"A ò tíì kà dé ogún, sà," ni Agbẹjọ́rò wí. Wọ́n kà á. Àwọn òbí mélòó kan ti tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn náà ń bá wọn kà á.

Bọ́tìnnì kan. Bọ́tìnnì méjì. Bó ṣe mú ìkẹta, ọwọ́ òsì rẹ̀ rọra lọ sábẹ́ bébà náà.

"Sà," ni Akáhín wí pẹ̀lú ìbànújẹ́, "ẹ̀ ń fi ọwọ́ tì í."

Alága yọ ọwọ́. Bọ́tìnnì kẹta bọ́ sínú ife, gbàù. Ó tún un ṣe. Ó tún gba méjì. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Kì í sì í ṣe ti bébà nìkan, torí ìgò mẹ́rin inú rẹ̀ kò gbàgbé ohun tí wọ́n bá wá.

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, kò dúró. "Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ báyìí," ó ní. "Ká má tan ara wa, A là ń lò nílé."

Àwọn òbí tó wà lẹ́yìn na ọrùn.

"Ìwọ lò ń rà á," ni Alága wí.

"Ẹ̀yin lẹ ní n ò gbọdọ̀ gbé tiyín wọlé. Ẹ ní awọ ara yín ò gbà á."

Kò sí ẹni tó mọ ibi tó yẹ kó kọjú sí. Ọ̀gá ilé-ìwé fara ti ògiri, ojú rẹ̀ ń wo òkè níbi tí òrùlé tuntun ì bá wà. Alága gbé bọ́tìnnì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì kọjú sí ẹnu ilé ìgbọ̀nsẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ìyẹn kò dúró de ìtìjú. Ó di ọwọ́ ìlẹ̀kùn mú. Ó dúró. Ó mọ irú bébà tó wà nínú ibẹ̀. Òun ló fi tọrẹ.

Akáhín ló kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é. Ó ya bébà A, gígùn tó tó apá rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i.

"Ẹ mú A, sà."

Alága wo ọmọ náà. Ó wo gbogbo àwọn òbí tó tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbà á, ó ní "O ṣeun," ó sì wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn.

Ọ̀gá ilé-ìwé kò bá Bàbá sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ì bá ti lé e lọ sílé, àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tíṣà ti di mẹ́fà, torí egungun kò mọ kàlẹ́ńdà, kò sì sí ẹlòmíràn. Ohun tó yọ ọ̀gá nínú ìbẹ̀rù ìbínú Alága ni pé ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Alága já páálí ńlá kan sí ẹnu géètì. Bébà tuntun ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti yọ ojú Alága kúrò lára ọ̀rá. Wọ́n fi àwòrán òdòdó kan rọ́pò ẹ̀. Lẹ́tà kan bá a wá, wọ́n kọ ọ́ sí kíláàsì kejì, kì í ṣe sí ọ̀gá. Alága ní òun ti mú kí bébà náà nípọn sí i, òun sì ti pààrọ̀ ohun tí wọ́n fi ń ṣe é. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ bá òun dán an wò.

Wọ́n dán an wò. Ó gba mẹ́sàn-án, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án. Inú Akáhín dùn bíi pé ọmọ rẹ̀ ló yege. Jẹ́jẹ́ ló tún lẹ́tà náà kà, tó wá fi ìka sí ìlà kan, tí ojú Agbẹjọ́rò sì tàn bí ẹni tó rí ẹjọ́. Wọ́n jókòó, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n fi pẹ́ńsù kọ èsì. Bàbá bá wọn fi àmì sí i, kò fọwọ́ kan ohun tó kù:

"Alága, bébà yín ti dára sí i. Ṣùgbọ́n ẹ yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, a ò wá mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin náà ò mọ̀. Ẹ padà lọ ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ tún gbé e wá."

Lẹ́tà gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ọ̀gá kọjá kó tó jáde nílé-ìwé. Bàbá gbé e lọ sí ọ́fíìsì, ó dúró. Ọ̀gá wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó mú bírò pupa. Ó fi "sà" sí ibi mẹ́rin nínú ẹ̀, ó lu òǹtẹ̀ ilé-ìwé sí ìsàlẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́.